Igi Ìyeyè Ààlà Wa

Igi ìyeyè mẹ́fà ló pa ọgbà ẹ̀fọ́ ìyá wa àgbà. Ìyá fúnra wọn ló gbìn wọ́n, wọn ò sì mọ̀ pé igi làwọn ń gbìn.

Mo ṣì kéré, ní Ìbà. Ewúrẹ́ àdúgbò ń jẹ ẹ̀fọ́ ṣọkọ wọn, ni wọ́n bá gé òpó ìyeyè tútù mẹ́fà, wọ́n rì í mọ́ ààlà, wọ́n fi wáyà so ó pọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni. Kí òjò tó dá, òpó ti rúwé.

Nígbà tí mo fi wọ girama, igi ti ga ju òrùlé lọ. Oòrùn kì í dé orí ebè mọ́. Èso jíjẹrà ń rùn kíkan, eṣinṣin ń kùn. Ṣọkọ tí ìyá ń tà ní Ìyànà-Ìbà wá ń yọ tín-ín-rín.

Bàbá wẹ́dà tó múlé tì wá wá bá wọn.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Ewé yín ti dí gọ́tà mi."

"Kí lo máa fi mọ ààlà?"

"Ṣé ojú mi fọ́ ni, Màmá?"

"Ojú ẹ ò fọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn."

Bàbá àgbà ti kú, kò sì sẹ́ni tó wọn ilẹ̀ náà rí. Òpó wọ̀nyẹn nìkan ni ẹlẹ́rìí. Nítorí náà, lọ́dọọdún, ìyá á so àdá mọ́ ọ̀pá gígùn, wọ́n á máa gé ẹ̀ka: gbà, gbà. Wọ́n á jókòó, wọ́n á máa fi òróró ra èjìká.

"Mo gé ọ̀kan, ó dá mẹ́ta padà. Ó ti rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ẹ máa gé e o, ẹ má hú u."

Níkẹyìn, ebè kan ló kù. Kókò ni wọ́n gbìn síbẹ̀, torí ó lè hù lábẹ́ ibòòji.

Èmi ni mo ń gun àkàbà báyìí. Èjìká tó ń dùn wọ́n ti di tèmi. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ bá mi tún nǹkan ṣe, mo máa ń kọ́kọ́ wo ibi tí ọgbà tirẹ̀ parí sí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀ka kan fara kan wáyà iná, mo sì lọ sí káńsù. Ọ̀gá tó gbà mí lálejò ní àwọn òṣìṣẹ́ wọn á wá gé gbogbo igi náà tí òjò bá dá. Ó wá kìlọ̀ pé a ò gbọdọ̀ hú kùkùté kankan títí sọ̀fíyọ̀ á fi wá wọn ilẹ̀.