Èkùrọ́ Tó Tú Kíláàsì Ká

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1976 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ jákèjádò Nàìjíríà. Láti ìgbà náà, gbogbo ènìyàn ló ń wá ìwé ẹ̀rí, ọ̀pọ̀ pálọ̀ ní Ìsọlọ̀ sì ti di kíláàsì ìrọ̀lẹ́.

Ti Ìyá Felix wà lára wọn. Kúnbi Olúsànyà ni orúkọ rẹ̀. Opó ni, Felix ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì wà nílùú Òyìnbó. Bàọ́lọ́jì ló ń kọ́ àwọn tó fẹ́ tún ìdánwò àṣejáde girama ṣe. Ohùn wọn nìkan ló ń dún nínú ilé náà. Nígbà kan wọ́n pọ̀ débi pé àwọn mìíràn ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Báyìí, ó ku Ọmọ́wùmí nìkan.

Èkùrọ́ ló tú wọn ká. ATP, èròjà tó ń gbé agbára, ni sẹ́ẹ̀lì ara fi ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ gbà pé agbára sá pamọ́ sínú ìdè tó so ó pọ̀ bí èkùrọ́ ṣe wà nínú èèpo líle: fọ́ ọ, agbára á fò jáde. Ọ̀gbẹ́ni Àyànníyì, olùkọ́ òdìkejì títì, ló ń kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Mo bi í bóyá òótọ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín.

"Oníròyìn, ṣé wọ́n yege àbí wọn ò yege?"

Wọ́n yege. Mo wádìí rẹ̀: ìdáhùn èkùrọ́ ni ìdánwò ń fún ní máàkì.

Ìyá Felix kò gbà. "Ta ló ń fọ́ èkùrọ́ láìlo agbára?" Ó ní jíjá ìdè máa ń gba agbára ni, ìgbà tí àwọn ègé náà bá bá omi so ìdè tuntun ni agbára tó ju èyí tí a ná lọ ń jáde. Mo bi olùkọ́ kan ní yunifásítì. Ó ní òótọ́ ló sọ. Mo padà sọ́dọ̀ Ìyá Felix.

"Ẹ kúkú kọ́ wọn ní méjèèjì, mà."

"Èmi ò lè fi ẹnu mi sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ fọ́mọ ọlọ́mọ."

Ibi tí a dé nìyẹn tí Ọmọ́wùmí fi wọlé, láìmú ìwé dání. Níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ wá láti ilé, á sì fi sílẹ̀ títí di ìdánwò. Ẹni tó bá wá gbé tirẹ̀, ó ti lọ nìyẹn.

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Bọ̀ọ̀dá mi ní kí n lọ sọ́dọ̀ Elékùrọ́."

"Ìwọ náà gbà á gbọ́?"

"Rárá, mà. Ohun tí ẹ sọ yé mi. Ṣùgbọ́n ìdánwò ti kù sí dẹ̀dẹ̀."

Ìyá Felix fúnra rẹ̀ bá a nu eruku orí àpótí náà. Ọmọ náà gbé e rù, ó bọ́ sí títì.

"Àga wà níbí o!" ni obìnrin náà ń pè láti ẹnu ọ̀nà. "Tó o bá fẹ́ wá kí mi, má wulẹ̀ gbé àpótí wá!"