Àwọn Tó Wá Wo Tolúwalọpẹ́

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ bọ́ọ̀lù ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Bàrígà tí mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ẹjọ́ ò dùn lẹ́nu tálákà. Bí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ bá ti mọ́, Bọ́dúndé á ti wà lórí pápá. Òun ní ń po ẹfun, òun ní ń fi í fa ìlà, òun náà ní ń nu bẹ́ǹṣì onípákó tí wọ́n tò síbẹ̀ fún àwọn òǹwòran. Kóòṣì ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ó sì ti lé ní àádọ́ta ọdún. Bọ́ọ̀lù ló gbé e wá sí Èkó nígbà ọ̀dọ́. Orúnkún rẹ̀ yẹ̀ kí Èkó tó mọ̀ ọ́n, ni kọ́lẹ́ẹ̀jì bá gbà á pé kó máa kọ́ àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù. Láti ìgbà náà ló ti ń nu bẹ́ǹṣì tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé.

Ẹ má rò pé àsọdùn ni. Lọ́jọ́ tí ikọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà na àwọn ará Ìkòròdú ní ayò mẹ́rin sí òdo, àwọn tó wà lẹ́bàá pápá ni ọmọbìnrin kan tó ń wá ibi tí nẹ́tíwọ̀kì ti dáa, àwọn àfẹ́sọ́nà méjì tó ń jà, àti ewúrẹ́ obìnrin tó ń ta ìrẹsì lẹ́nu géètì. Nígbà tí gọ́ọ̀lù kẹta wọlé, ewúrẹ́ nìkan ló ké.

Kì í ṣe pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù o. Ibi tó ti ń dunni gan-an nìyẹn. Bó bá di Sátidé, àwọn kan náà á sanwó kí wọ́n tó wọ ilé ìwòran, wọn á há mọ́ra nínú ooru, wọn á máa pariwo mọ́ tẹlifíṣọ̀n, wọn á máa bú kóòṣì òyìnbó tí kò gbọ́ èdè wọn. Wọ́n mọ orúkọ ọmọ tí ìyàwó agbábọ́ọ̀lù kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ní London. Ẹni tó ń ṣọ́ gọ́ọ̀lù fún kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn, tó ń jókòó tì wọ́n ní kíláàsì, wọn ò mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ti àwọn yìí yàtọ̀: òde ni wọ́n ti ń kó ẹ̀ṣọ́, wọn ò tiẹ̀ mú un délé.

Tolúwalọpẹ́ ni balógun ikọ̀ náà, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, tí ìyá rẹ̀ ń ránṣọ ní Palmgrove. Ọmọ náà mọ bọ́ọ̀lù. Bí bọ́ọ̀lù bá ti dé ẹsẹ̀ rẹ̀, Bọ́dúndé á gbàgbé pé òun ni kóòṣì, á kàn máa wòran. Ọdún mẹ́rin ló fi gbá a fún wọn, kò sì sí ẹnì kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, yàtọ̀ sí àwọn tí wọ́n jọ ń gbá a, tó kí i pé o ṣeun.

“Coach, ta là ń gbá a fún gan-an, sà?” Bó ṣe bi í lọ́jọ́ kan nìyẹn.

“Fún kọ́lẹ́ẹ̀jì ni.”

Ọmọ náà wo àyíká pápá títí, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ wẹsẹ̀.

Nígbà tó yá, ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ pe Bọ́dúndé. Ó ní àwọn kan fẹ́ gba pápá náà, wọ́n fẹ́ fi kọ́ gbọ̀ngàn àpèjẹ. Bọ́dúndé dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì, orúnkún tí kò dáa ń dùn ún, kò bìkítà.

“Kóòṣì, ẹ dìde,” ni ọ̀gá àgbà wí. “Ta ló ń wo bọ́ọ̀lù yín?”

“Wọ́n á wá, sà.”

“Ó dáa. Èmi fúnra mi á wá ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, nígbà tí ẹ bá ń gbá a pẹ̀lú àwọn ará Ẹ̀pẹ́. Bí mo bá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ tí wọ́n wá wò ó, mi ò ní fọwọ́ sí i. Bí mi ò bá bá wọn, ẹ má wulẹ̀ tún bẹ̀ mí. Pápá á lọ, ikọ̀ náà á sì túká.”

Bọ́dúndé jáde. Bí wọ́n bá gba pápá, iṣẹ́ wo ló tún mọ̀ ọ́n ṣe? Ó wọ kíláàsì kan tẹ̀lé òmíràn láti kéde, wọ́n fi ẹ̀rín sìn ín jáde. Ó lọ bá Wonder, ààrẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Wonder ní, “Coach, no wahala, a máa mobilize,” ṣùgbọ́n fóònù ló ń tẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, kò gbójú sókè. Ni Bọ́dúndé bá pinnu pé pósítà lòun máa tẹ̀, ó gba Ṣómólú lọ.

Àlímì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ gbé ilé kan náà rí, ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú. Ìwé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ló ń tẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nísinsìnyí, òkú ló ń bọ́ ọ: pósítà ìkéde òkú, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà ìrántí. “Àwọn alààyè ò tẹ nǹkan mọ́, ọ̀rẹ́ mi,” ló máa ń wí. “Fóònù ti tó wọn.”

Bọ́dúndé fún un ní àwòrán Tolúwalọpẹ́, níbi tó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni kó lò, elése àlùkò àti wúrà. Àlímì ní ìyẹn ò le, àwọ̀ kan náà lòun ṣẹ̀ṣẹ̀ lò fún ẹbí kan. Ó yọ bàbá arúgbó kan kúrò lójú kọ̀ǹpútà, ó sì fi Tolúwalọpẹ́ sí àyè rẹ̀. Bọ́dúndé ní kó kọ ọdún tí ọmọ náà wọ ikọ̀ àti ọdún tó ń kúrò sábẹ́ àwòrán, nítorí ìdánwò àṣekágbá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Òdòdó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àbẹ́là tó ń jó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì.

“Ṣé kí n yọ iná yìí?” Àlímì bi í.

“Fi sílẹ̀ jàre. Ó jọ iná tí wọ́n máa ń gbé sáré níbi ìdíje àgbáyé.”

Wọ́n kọ orúkọ Tolúwalọpẹ́ gàdàgbà, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé BALÓGUN WA, Ẹ WÁ YẸ́ Ẹ SÍ, wọ́n kọ ọjọ́ àti wákàtí. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, ní lẹ́tà tín-ín-tìn-ìn-tín. Ẹni tó ń fi ojoojúmọ́ ṣe iṣẹ́ òkú kì í mọ ìgbà tí ọwọ́ náà bá kan alààyè. Ní ti Bọ́dúndé, òǹwòran ló ń wá lójú méjèèjì, kò rí nǹkan mìíràn mọ́. Ó ní pósítà náà rẹwà.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, òun fúnra rẹ̀ ló lẹ̀ ẹ́ káàkiri, láti ẹnu géètì títí dé àwọn ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ní Bàrígà, ó kù díẹ̀ kó kan etí ọ̀sà. Lẹ́yìn náà ló kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ láti sùn, bó ṣe máa ń ṣe bí eré ńlá bá ń bọ̀, ó sì gba fóònù gbogbo wọn, ó pa á, ó dì í sínú báàgì títí di ẹ̀yìn eré. Fóònù kì í jẹ́ kí ọmọ sùn.

Ará Èkó kì í ka irú pósítà yẹn. Ojú ló fi ń mọ̀ ọ́n: etí elése àlùkò, ẹ̀rín nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ọdún méjì pẹ̀lú ìlà láàárín, àbẹ́là. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Tolúwalọpẹ́ ti kú lórí fóònù gbogbo ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹnì kan ní ọkọ̀ ló gbá a ní Onípàanù. Ẹlòmíràn ní orí pápá ló ṣubú sí. Ọmọbìnrin kan tí kò bá a sọ̀rọ̀ rí kọ ọ́ pé ọ̀rẹ́ òun tòótọ́ ti lọ. Wọ́n pe nọ́ńbà rẹ̀, kò lọ. Kí ni wọ́n tún ń wá? Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní kí kálukú wọ dúdú, kó sì mú àbẹ́là dání wá sí pápá, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kú. Lọ́tẹ̀ yìí, Wonder mobilize lóòótọ́.

Aago mẹ́rin ò tíì lù nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n wà nínú kíláàsì kan, wọ́n ń wọ jẹ́sì. Bọ́dúndé nìkan ló wà níta. Ó kọ́kọ́ rò pé àwọn tó ń lọ síbi ìpàdé ni. Nígbà tó rí i pé pápá ni wọ́n ń yà sí, tí wọ́n ń kún, tí bẹ́ǹṣì ò gbà wọ́n mọ́, tí wọ́n ń dúró yí ìlà ẹfun ká, ó kọjú sí ògiri, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò mọ ohun tó máa fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ó sáré lọ gbé àga wá láti kíláàsì. Ó rí i pé dúdú ni gbogbo wọn wọ̀, ó rò pé aṣọ tí àwọn alátìlẹ́yìn fẹnu kò sí nìyẹn. Ọ̀gá àgbà náà dé, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó mi orí. Bọ́dúndé ní, “Ẹ rí wọn, sà?” Wọ́n dákẹ́ jù fún èrò bọ́ọ̀lù, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní òǹwòran rí, báwo ló ṣe máa mọ bí òǹwòran ṣe ń ṣe?

Ó fun fèrè kí ikọ̀ rẹ̀ jáde. Tolúwalọpẹ́ ló ṣíwájú.

Ọmọbìnrin kan figbe ta. Àwọn kan ju àbẹ́là sílẹ̀, wọ́n sá. Àwọn tó kù dúró, ẹnu wọn là sílẹ̀. Tolúwalọpẹ́ wo gbogbo èrò náà láti ìkángun kan dé ìkejì, ojú rẹ̀ là, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń juwọ́ sí wọn.

Wonder ló sún mọ́ ọn, pósítà kan lọ́wọ́ rẹ̀. “Guy, o ò kú?”

“Kí ló pa mí?”

Wonder na pósítà náà sí i. Bọ́dúndé wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Nínú oòrùn ọ̀sán yẹn, pẹ̀lú gbogbo aṣọ dúdú yẹn, ó wá rí ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ mọ́ gbogbo ògiri Bàrígà.

“Coach, ẹ ò try rárá,” ni Wonder wí. “A pa lectures tì. A ra candle. Ẹ wá ń fi wá ṣeré.”

“Ẹ dárí jì mí, àṣìṣe ni. Ṣùgbọ́n ó wà láàyè! Ṣé ìyẹn ò dáa jù? Ẹ ti dé náà, ẹ jókòó, ẹ wò ó bó ṣe ń gbá a.”

“Gbá kí ni?” Ẹnì kan dáhùn láti ẹ̀yìn. “Match wà lórí TV nírọ̀lẹ́ yìí jọ̀ọ́.”

Wọ́n pòṣé, wọ́n yí ẹ̀yìn padà. Ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè: ó pẹ́ tí a ti ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n irú èyí ṣọ̀wọ́n, kí wọ́n gbẹ́ ère èèyàn tán, kí wọ́n sì fi ìbínú fọ́ ọ nítorí pé onítọ̀hún ò kú. Bọ́dúndé ń sáré tẹ̀lé wọn dé géètì, ó ń bẹ̀ wọ́n, bẹ́ẹ̀ ọmọ tí òun bí dàgbà ju ẹlòmíràn nínú wọn lọ, wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Nígbà tó padà, ọ̀gá àgbà ń gbọn eruku kúrò lára aṣọ rẹ̀. “Kóòṣì, mo ní bí mo bá bá àwọn tó wá wo bọ́ọ̀lù ni. Ṣé bọ́ọ̀lù làwọn wọ̀nyẹn wá wò?”

Bọ́dúndé wolẹ̀.

“Èmi náà mọ̀ pé òun kọ́,” ni ọ̀gá àgbà wí, ó sì wọ mọ́tò rẹ̀ lọ.

Bí mọ́tò náà ṣe ń jáde ni kẹ̀kẹ́ Maruwa kan wọlé. Ìyá Tolúwalọpẹ́ ló bọ́ sílẹ̀, obìnrin méjì dì í mú, téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó rí ọmọ rẹ̀ lórí ìdúró. Ó já mọ́ àwọn obìnrin náà lọ́wọ́, ó fọwọ́ kan ojú rẹ̀, ó fọwọ́ kan àyà rẹ̀, ó jókòó sórí koríko, ó bú sẹ́kún. Nígbà tó sunkún tán, tí ọmọ rẹ̀ sì ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ pósítà fún un, ló wo Bọ́dúndé.

“Kóòṣì, kí lọmọ mi fi ṣe yín?”

“Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì, èmi fẹ́ kí wọ́n yẹ́ ẹ sí ni.”

“Ẹ fẹ́ yẹ́ ẹ sí! Alààyè lẹ lẹ̀ mọ́ ògiri! Tolúwalọpẹ́, bọ́ aṣọ yẹn sílẹ̀. O ò ní gbá nǹkan kan níbí lónìí, o ò sì ní gbá a mọ́ láéláé.”

Ta ló máa bá a jiyàn? Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ láàyè, òbí wo ló máa ní kó tún lọ máa sáré kiri pápá lọ́jọ́ náà? Bọ́dúndé gan-an ò ní gbà á fún ọmọ tirẹ̀. Tolúwalọpẹ́ bọ́ jẹ́sì, ó ká a dáadáa, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i.

“Ṣé ẹ rí bí wọ́n ṣe pọ̀ tó, sà?” ló wí. Ojú ọ̀nà géètì ló ń wò. “Mi ò mọ̀ pé wọ́n mọ orúkọ mi.”

Ìyá rẹ̀ fà á lọ́wọ́ lọ. Rẹfirí, tó ti ń dúró pẹ̀lú àwọn ará Ẹ̀pẹ́, wá bá Bọ́dúndé níbi tó dúró sí, ó bi í pé èèyàn mélòó ni wọ́n fẹ́ lò. Bọ́dúndé ní àwọn jẹ́ mẹ́wàá.