Lafiatou àti Ẹgbẹ́ Aláṣọ Fíìmù

Ní àdúgbò Tokpota, káàkí ni Lafiatou ń rán láti ọjọ́ Ajé títí di Àbámẹ́ta. Láti ìgbà tí àwọn ológun ti gbàjọba, tí wọ́n ní ìyípadà dé, ìyẹn Ehuzu, gbogbo ọmọ ilé-ìwé ló ní láti wọ káàkí, iṣẹ́ sì pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ débi pé àwọ̀ aṣọ náà ti ń sú u. Obìnrin gíga ni, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rín bo ohun tó bá dùn wọ́n. Ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé ìbínú ọmọ òun kì í pẹ́ dé, àmọ́ ó máa ń pẹ́ kó tó lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, ó lọ wo fíìmù àwọn ará Ṣáínà. Obìnrin kan wà nínú rẹ̀ tó wọ ẹ̀wù funfun gbàgẹ̀rẹ̀, tó de ọ̀já dúdú mọ́ ìbàdí, tó sì fi idà lé gbogbo àwọn tó dáná sun ilé bàbá rẹ̀. Bí Lafiatou ṣe délé, ó fa aṣọ fèrèsé yọ, ó gé e, ó rán an. Ó gbẹ́ igi bí idà, ó fi bébà dídán inú páálí sìgá wé e. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló gbé gbogbo rẹ̀ wọ̀ lọ sí sinimá. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín láti ẹnu ọ̀nà títí tó fi jókòó. Kò yíjú sí ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó tún lọ, obìnrin kan ti ń dúró dè é lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀gbẹ́ sinimá. Bernadette tó ń ta búrẹ́dì ní Houinmè ni. Ó múra bí ayaba inú fíìmù Índíà, ó fi ìdérí ìgò ṣe ẹ̀gbà ọrùn. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pọ̀ sí i. Moustapha tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe di ọba, irun ewúrẹ́ ló fi ṣe irùngbọ̀n. Ràímì apẹja ń gun kẹ̀kẹ́ wá láti Sèmè-Kpodji nínú ẹ̀wù jagunjagun. Assani, ọmọ àbúrò bàbá Lafiatou, náà wà níbẹ̀. Lafiatou ló rán tirẹ̀ fún un. Lábẹ́ igi yẹn, ẹnikẹ́ni kì í bèèrè ọmọ ilé tí o jẹ́, bóyá Mùsùlùmí ni ọ́ tàbí Kátólíìkì. Wọ́n á bá ara wọn so okùn ẹ̀wù, wọ́n á jẹ búrẹ́dì Bernadette, wọ́n á fi idà igi jà títí agogo sinimá á fi dún. Níbẹ̀ nìkan ni Lafiatou ti ń rẹ́rìn-ín débi tí omi á fi máa bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tó yá, Assani wọ komité ìyípadà àdúgbò, wọ́n sì fi í ṣe akọ̀wé. Ó wá bá wọn lábẹ́ igi, ó ní delegé, ọ̀gá komité, ti gbọ́ nípa wọn, ó sì fẹ́ kí wọ́n wá yan níwájú ará ìlú lọ́jọ́ àjọ̀dún ìyípadà. Inú gbogbo wọn dùn. Lafiatou pa káàkí tì, ó ń tún aṣọ kálukú ṣe.

Lọ́jọ́ ìdánrawò, lórí pápá ilé-ìwé, okùn kan ṣoṣo ni àwọn ará komité fi so gbogbo wọn pọ̀ ní ìbàdí. Wọ́n gbé pátákó kọ́ wọn lọ́rùn, wọ́n sì kọ ọ́ sí i ní Faransé pé ẹrú òyìnbó amúnisìn ni wọ́n. Delegé ṣàlàyé pé àwọn ọmọ ilé-ìwé á máa fi ìgbálẹ̀ gbá wọn láti ẹ̀yìn, kí ará ìlú lè rí ìdọ̀tí ilẹ̀ òkèèrè tí ìyípadà ń gbá dànù. Àwọn ọmọ náà ti tò sílẹ̀, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, nínú káàkí tí Lafiatou fúnra rẹ̀ rán. Ọ̀kan nínú wọn ti na Moustapha, irùngbọ̀n rẹ̀ já bọ́, ẹ̀rín sì gba gbogbo pápá.

Ojú Lafiatou ṣókùnkùn. Síbẹ̀ ohùn rẹ̀ kò ròkè nígbà tó pe Assani.

“Ṣé o mọ̀?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, eré lásán ni. Ẹ jẹ́ ká ṣe é kó tán.”

“N kò bi ọ́ bóyá eré ni. Nígbà tí o wá bá wa lábẹ́ igi, ṣé o mọ̀?”

Assani wolẹ̀. “Mo mọ̀.”

Lafiatou bọ́ pátákó lọ́rùn, ó fi ẹsẹ̀ fọ́ ọ. Ó tú okùn ìbàdí rẹ̀, ó tú ti Bernadette. Delegé ní kó rántí ibi tí iṣẹ́ káàkí rẹ̀ ti ń wá.

“Èmi ni mo rán aṣọ yìí,” ó dá a lóhùn. “Òyìnbó kankan ò rán mi níṣẹ́.”

Ó nawọ́ sí Ràímì kó lè tú tirẹ̀ náà. Ràímì fà sẹ́yìn, ó ní wọ́n lè gba ọkọ̀ tí òun fi ń pẹja. Moustapha kò gbójú sókè. Lafiatou àti Bernadette nìkan ló fi pápá sílẹ̀, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rìn la Tokpota kọjá nínú aṣọ wọn.

Lọ́jọ́ àjọ̀dún, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Ó gbọ́ tí wọ́n ń yan kọjá, ó gbọ́ ẹ̀rín, ó di ẹ̀rọ ìránṣọ mú bí ẹni tó fẹ́ gbé e sọ sígboro. Kì í ṣe delegé ló ń bínú sí jù. Delegé kò mọ̀ wọ́n rí. Assani ló jẹ búrẹ́dì pẹ̀lú wọn, Assani ló mọ bí inú wọn ṣe ń dùn tó, tó sì lọ fi wọ́n tọrẹ fún delegé.

Wọ́n gba iṣẹ́ káàkí lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́. Ìrọ̀rí àti aṣọ tábìlì ló kù tó ń rán. Onísinimá náà ní òun kò fẹ́ aṣọ fíìmù níbẹ̀ mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, Lafiatou wọ ẹ̀wù funfun, ó ró ìró lé e, ó wọlé. Nígbà tí wọ́n paná, ó tú ìró náà kúrò, Bernadette tú tirẹ̀. Ràímì wá jókòó sẹ́yìn wọn, ó rọra ní kí ẹ̀gbọ́n má bínú. Lafiatou kò bojú wẹ̀yìn. Ó bi í bóyá ẹ̀wù jagunjagun rẹ̀ wà lára rẹ̀ lábẹ́ agbádá. Ràímì ní ó wà.

“Bọ́ agbádá, kí o máa wo fíìmù,” Lafiatou sọ.

Assani ní tirẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́ nígbà ààwẹ̀, ó gbé ṣúgà dání. Ìyá Lafiatou wà níjòókòó, nítorí náà Lafiatou gba ṣúgà náà, ṣùgbọ́n nígbà tí Assani lọ tán, ó kó o fún àwọn alágbe. Ní báyìí, komité ti túká tipẹ́. Bí òun àti Assani bá pàdé lọ́nà, Lafiatou ń kí i bó ṣe ń kí oníbàárà. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Assani níbi tó ti ń ránṣọ, ṣe ló máa ń dá ẹ̀rọ dúró, á ní kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ mìíràn wá.