Màmá Jókòó-Wò àti Òòlù Rẹ̀

Ọjọ́ tí Màmá Jókòó-Wò há sínú ṣálángá tuntun ni òkìkí rẹ̀ kàn. Àwọn ọ̀dọ́ tó yọ̀ǹda ara wọn ló kọ́ ṣálángá náà fún ilé ìwé kan nílẹ̀ òkèèrè, wọ́n kùn ún, ó ń dán. Àwọn òbí ti pé jọ, wọ́n ń retí ọ̀rọ̀ ìṣíde. Màmá ní òun kì í ṣí ohun tí òun ò bá tíì jókòó sí. Ó wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé gbàgà, irin ìtilẹ̀kùn já bọ́ sínú ihò rẹ̀, ó sì há. Ìta nìkan ni wọ́n kan irin náà sí.

"Màmá, ẹ má bínú o! À ń wá òòlù tí a máa fi ṣí i."

"Ẹ má wulẹ̀ dààmú. Òòlù wà nínú báàgì mi níbí."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jù ú síta látòkè ilẹ̀kùn."

"Ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn ná. Nígbà tí ẹ̀ ń kan irin yìí síta, ta lẹ rò pé ó máa dúró níbẹ̀ tí á máa ti ilẹ̀kùn fún ẹni tó wà nínú?"

Inú ṣálángá yẹn ni màmá ti sọ ọ̀rọ̀ ìṣíde látòkèdélẹ̀, ó kí ọ̀gá ilé ìwé, ó kí àwọn òbí, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un dáadáa kó tó ju òòlù síta.

Àwọn ọmọ tó ti jáde girama ṣùgbọ́n tí wọn ò tíì wọ yunifásítì ni ọ́fíìsì rẹ̀ máa ń rán lọ sókè òkun fún ọdún kan, kí wọ́n lọ bá àwọn ẹlòmíì ṣiṣẹ́. Màmá ló ń lọ wò bóyá iṣẹ́ wọn wúlò fún onílé. Bí àwọn yòókù bá lọ àbẹ̀wò, fọ́tò ni wọ́n ń yà. Màmá ò gba fọ́tò gbọ́. Àga ni o, ibùsùn ni o, jangirọ́fà ọmọdé ni o, àfi kó jókòó sí i. "Ojú ò lè mọ̀ bóyá àga máa gbéni," ló máa ń wí, "ìdí ló mọ̀ ọ́n." Bí nǹkan bá yege, gbólóhùn kan ṣoṣo ló máa sọ: "Ó gbé mi." Bẹ́ẹ̀ màmá kì í ṣe ènìyàn pẹ́lẹ́ńgẹ́.

Aṣọ́bodè kan tú ẹrù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó fa òòlù yọ.

"Mà, kí lẹ fẹ́ fi èyí ṣe?"

"Àwọn ọmọ mi ni mo fẹ́ lọ bẹ̀ wò."

Ọkùnrin náà wo òòlù, ó wo ojú màmá. "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, kí làwọn ọmọ náà ṣe?"

Ọ̀dọ́bìnrin kan wà láàárín àwọn tí ọ́fíìsì rán lọ, tí wọ́n ń pè ní Abẹ́rẹ́, nítorí ó tín-ín-rín. Bẹ́ǹṣì ló kàn fún àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tó ń jókòó sórí sìmẹ́ǹtì. Màmá jókòó sí i, bẹ́ǹṣì dáhùn pàrà, ni màmá bá bá ara rẹ̀ nílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́, wọ́n ní kó tún un ṣe.

Abẹ́rẹ́ ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí màmá máa fi wọ yàrá rẹ̀, ó ti ń di ẹrù.

"Mò ń lọ sílé, Mà. Bàbá mi ní mi ò lè ṣe nǹkan kan yanjú. Òótọ́ ni wọ́n sọ."

Màmá jókòó lé àpótí ẹrù náà.

"Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ dìde. Ọkọ̀ á lọ."

"Àpótí yìí gbé mi, mi ò dìde. Sìmẹ́ǹtì yẹn tutù o, Abẹ́rẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tibẹ̀ bọ̀ ni. Tóo bá lọ, orí ẹ̀ náà làwọn ọmọ yẹn máa wà." Ó na òòlù sí i. "Kò sẹ́ni tí wọ́n bí iṣẹ́ káfíńtà mọ́. Gbà, lọ tún un kàn."

Ọkọ̀ òfurufú màmá gan-an lọ, kò bá a lọ. Bí Abẹ́rẹ́ bá ti kàn án tán, màmá á jókòó, bẹ́ǹṣì á wó, màmá á dìde, á gbọn eruku ìdí rẹ̀. "Tún un kàn." Títí ó fi di ọjọ́ kan tó jókòó tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ nǹkan kan. Ó mira sọ́tùn-ún, ó mira sósì.

"Ó gbé mi."

Abẹ́rẹ́ bú sẹ́kún ayọ̀. Àwọn ọmọ sì rọ́ wá, wọ́n jókòó ti màmá títí bẹ́ǹṣì fi kún.

Màmá sùn lọ ní pẹ̀lẹ́tù lọ́dún tó kọjá, kò jí mọ́. Abẹ́rẹ́, tó ti dàgbà, ni wọ́n fi sípò rẹ̀. Láàárọ̀ tó kọ́kọ́ dé, dírẹ́bà màmá àti akọ̀wé rẹ̀ bá a dé ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ màmá. Kò tíì sẹ́ni tó jókòó sórí àga màmá láti ìgbà tó ti lọ.

"Jókòó, ọmọ mi," ni dírẹ́bà wí.

Abẹ́rẹ́ jókòó. Àga yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó gbé e ṣánlẹ̀. Ẹsẹ̀ àga náà kan ti kán tipẹ́, ìborùn àtijọ́ ni màmá fi so ó. Ẹni tó ń yẹ àga gbogbo ayé wò!

"Ẹ ò rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan ni màmá máa ń fi jókòó," ni dírẹ́bà wí. "A rò pé ìgbéraga ni."

Akọ̀wé ní, "Wọ́n ní ẹni tó máa dáṣọ fún ni, tọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. A ò wo tọrùn màmá rárá!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Nígbà tí ẹ̀rín tán, omi náà ò tán. Àárò màmá sọ wọ́n gan-an.

Abẹ́rẹ́ gbọn eruku ìdí rẹ̀. Ó fa dúrọ́ọ̀ tábìlì, òòlù màmá wà níbẹ̀. Ó tú ìborùn náà, ó ká a dáadáa, ó sì kan ẹsẹ̀ àga. Lẹ́yìn náà ó rọra jókòó, ó mira sọ́tùn-ún, ó mira sósì. Àwọn méjèèjì ń wò ó lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó gbé mi," ló wí.