Àgbàdo Tí Mùbàṣírù Gbìn Kẹ́yìn

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé òjò dùn ún sùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kò tíì dá a sùn rí. Òjò ń dùn nígbà tí ẹnìkan bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín tí ń fa aṣọ kúrò lára yín, tí ẹ sì ń bú u. Ẹ bi Raheemah ará Japara. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, òjò rọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó débi pé páànù ilé kò sinmi, obìnrin náà sì jókòó sábẹ́ rẹ̀ nínú aṣọ funfun, òun nìkan ṣoṣo, ó ń ronú àgbàdo.

Àgbàdo kẹ̀? Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ti mu ilẹ̀ rin dáadáa, Raheemah àti Mùbàṣírù ọkọ rẹ̀ lọ gbin àgbàdo sí oko wọn lẹ́yìn ìlú. Mùbàṣírù ń fi àdá gbẹ́ ihò, ìyàwó ń ju hóró mẹ́ta mẹ́ta sí i, ọkọ á wá fi ẹsẹ̀ bò ó. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra nìyẹn, orí rẹ̀ náà sì ni wọ́n ti máa ń jà. Bí Raheemah bá ṣèèṣì ju mẹ́rin sí ihò kan, Mùbàṣírù á ní, "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa du ilẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ni?" Òun náà á ní kó gbájú mọ́ àdá tirẹ̀. Lọ́jọ́ náà, nígbà tí wọ́n parí, ọkùnrin náà nu ojú, ó ní, "Ìyá Farouk, èyí tó bá kọ́kọ́ gbó níbí, èmi fúnra mi ni n ó sun ún fún ọ. Ìwọ á kàn jókòó ni." Raheemah fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọ́n fi délé, nítorí Mùbàṣírù kò mọ bí wọ́n ṣe ń dáná rárá.

Àgbàdo náà kò tíì ga ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ tí Mùbàṣírù fi ti mọ́ṣáláṣí dé, tó ní àyà ń dun òun. Kí wọ́n tó rí ọ̀kadà tí yóò gbé e lọ sí ọsibítù, ó ti dákẹ́. Farouk, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wá láti Kánò, ó sunkún, ó ṣe fìdáù bàbá rẹ̀, ó sì padà síbi iṣẹ́.

Raheemah jókòó opó. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni ẹ̀sìn wí. Ẹ̀gbọ́n Mùbàṣírù obìnrin, Asimawu, ọmọ bàbá rẹ̀ ni ṣùgbọ́n ìyá wọn yàtọ̀, ló fi òfin lé e lọ́wọ́. Ojowo ni Asimawu ń gbé, ìdí nìyẹn tí gbogbo ẹbí fi ń pè é ní Ìyá Ojowo. Ó ní kò sí tìróò, kò sí lọ́fínńdà, ẹsẹ̀ Raheemah kò sì gbọdọ̀ kọjá àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà. "Bí wọ́n ṣe ṣe é fún èmi náà nìyẹn," ni ó wí. "Ṣé mo kú?"

Kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Ojú rẹ̀ ló kàn le bí èkùrọ́. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń wá, á gbé gàrí àti ẹja wá, á fọwọ́ ara rẹ̀ gbálẹ̀ ilé. Lẹ́yìn náà ni yóò wá wo ẹrẹ̀ ìta fínnífínní, bóyá ẹsẹ̀ opó ti tẹ̀ ẹ́.

Oṣù kẹfà dé, òjò wá rọ̀ bí ẹni pé wọ́n san án lówó. Igi ìdáná kò jó, èéfín ni ṣáá. Aṣọ tó fọ̀ kò gbẹ, ó ń rùn. Omi ń jò láti ibi tí Mùbàṣírù ti ń sọ láti èṣí pé òun yóò tún ṣe, Raheemah gbé abọ́ sí i, ó ń bá òkú wí pé ṣé ó rí i báyìí. Níta, ayé ń dùn. Àwọn ọmọdé bọ́ sí ìhòòhò, wọ́n ń sáré nínú òjò. Àwọn obìnrin ń ti ibi tí wọ́n ti lọ hú olú bọ̀, ẹ̀rín wọn gba ọ̀nà kan. Òórùn àgbàdo sísun ń ti ilé dé ilé. Òun wà lẹ́yìn fèrèsé, ó ń wò wọ́n, ó ń ṣe é bíi kó ké. Ìgbín nìkan ló wá kí i láìpè, tó gun ògiri títí dé ojú fèrèsé. Ó bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó sọ ọ́ sínú ìkòkò. Ẹ má bínú sí i. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Rẹ̀mí, ọmọbìnrin aránṣọ tó ń gbé ilé kejì, gbé àgbàdo sísun wá fún un. "Ìyá Farouk, ẹ gbà á kó tó tutù." Raheemah gbà á, ó ṣàdúrà fún un. Nígbà tí Rẹ̀mí lọ tán, ó gbé e kalẹ̀. Àgbàdo náà tóbi, ó sì rọ̀ dáadáa, kò sí ohun tó ṣe é, àfi pé kì í ṣe èyí tí Mùbàṣírù gbìn. Ẹyọ kan péré ló fẹ́ nínú ti oko wọn, kí ó sun ún jẹ ní tútù bí ọkọ rẹ̀ ṣe wí, kó tó gbẹ lórí ìdúró. Ọ̀rọ̀ náà ti ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀ láti sọ fún Rẹ̀mí kó tó lọ, ó tún gbé e mì. Wọn ò ní sọ pé ọkọ kú, ọ̀fun ló ń rò? Nígbà tí Farouk pè é lórí fóònù, ó fẹnu ba ọ̀rọ̀ náà díẹ̀. Ọmọ ní, "Àgbàdo kẹ̀, Màámi? Mà á fi owó ránṣẹ́, ẹ ní kí wọ́n ra púpọ̀ fún yín." Ó ní ó ṣeun.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó gbóyà.

"Ìyá Ojowo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n yọjú sí oko wa lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀sán gangan ni. N ó bo orí mi."

"Oko? Opó? Raheemah, ṣé kò sí o? Àgbàdo kì í sá. Tó bá gbẹ, a ó wá ẹni tí yóò bá ọ ká a."

"Tútù ni mo fẹ́ ẹ, ìyá mi."

"Tútù kún ọjà."

Bó ṣe jáde nìyẹn. Raheemah sunkún lọ́jọ́ náà títí orí fi ń fọ́ ọ. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń to èébú jọ fún Ìyá Ojowo de ọjọ́ tí opó bá parí. Ó ń dán an wò sí ògiri, ó mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, ó mọ ibi tí yóò ti dá ẹnu dúró kó lè dùn ún dáadáa. Èébú yìí ló ń bá gbélé.

Òjò dáwọ́ dúró nínú oṣù kẹjọ, opó náà sì parí. Ìyá Ojowo mú Alfa Luqman wá láti ṣàdúrà. Nígbà tí wọ́n ṣe àmín tán, Alfa ní, "Mo kọjá lẹ́bàá oko Mùbàṣírù lánàá. Àgbàdo ti gbẹ, ọ̀kẹ́rẹ́ ti jẹ ẹ́ tán. Ṣé ara rẹ ni kò yá tí o kò fi lọ ká a?"

"Opó ni mo wà, Alfa."

"Ṣebí mo mọ̀. Ta ló ní kí opó má lọ sí oko rẹ̀ tí bùkátà bá wà? Kó ṣáà jáde lọ́sàn-án, kó padà wá sùn sílé ọkọ rẹ̀. Kí ló dé tí ẹ ò bi mí?"

Kò sẹ́ni tó bi í. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló máa ń béèrè ọ̀nà ilé ara rẹ̀? Raheemah yíjú sí Ìyá Ojowo. Gbogbo èébú náà ti wà lẹ́nu.

Ìyá Ojowo kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá.

"Alfa," ó ní, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, "tó bá wá jẹ́ pé ìyá ẹni ló ń kú lọ ńkọ́?"

"Ìyá ẹni? Họ́wù! Bùkátà wo ló tún ju ìyẹn lọ?"

"Nígbà tí ọkọ mi, bàbá Aqeelah, kú," ni Ìyá Ojowo wí, "mo wà nínú opó tí ìyá tó bí mi fi dùbúlẹ̀ àìsàn ní Òde-Omi. Ó ń ránṣẹ́ sí mi ṣáá. Òjò ń rọ̀. Wọ́n ní opó kì í wọ ọkọ̀ ojú omi, mo sì jókòó. Wọ́n ní orúkọ mi ló ń pè títí ẹ̀mí fi bọ́."

Alfa Luqman wo ẹní tó jókòó lé.

Èébú gbẹ lẹ́nu Raheemah. Ó sún mọ́ Ìyá Ojowo lórí ẹní, ó gbá a mọ́ra, obìnrin ojú-le yìí sì wó lé e láyà bí ọmọ kékeré. Àwọn méjèèjì ń sunkún, oníkálukú lórí òkú tirẹ̀.

"Raheemah," ni Ìyá Ojowo ń wí, "ṣé ìyá mi rò pé mi ò fẹ́ wá ni?"

Raheemah fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú fún un.