Àwo Orin Tí Wọn Kò Yí Padà

Inú ṣì ń bí mi lórí ọ̀rọ̀ àwo orin kan. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ìrántí aládùn ni mo fẹ́ sọ. Ìsẹ́yìn ni, láyé ìgbà tí dísíkò gbòde, tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ń wọ ṣòkòtò tí ẹnu ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbálẹ̀. Èmi ni mo ń ká òwú fún àwọn ahunṣọ ní ìsọ̀ òfì bàbá mi. Mo ti tó ọmọge, mo sì gbà pé kò sí ohun tí ojú mi kò tíì rí láyé, bẹ́ẹ̀ n kò tíì dé Ọ̀yọ́ rí.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti fi òfì sílẹ̀, ó lọ sí Èkó, ó ń tẹ dùùrù oníná fún ọ̀gá kan tó ń gbé orin jáde. Bàbá kò fẹ́ ẹ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà pẹ́ nílẹ̀, ó ránṣẹ́ sí i pé, "Gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ wá ká gbọ́ ọ. Bó bá jẹ́ orin, n ó ṣàdúà fún ọ, wàá padà. Bí kì í bá ṣe orin, òfì rẹ ń bẹ níbi tó o fi í sí." Ẹ̀gbọ́n mi dé, ó gbé àwo tuntun náà mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ jòjòló. Níbi tí mo ti ń gbálẹ̀ láàárọ̀ ló ti sọ fún mi pé ẹ̀gbẹ́ kejì ni ọwọ́ òun wà, pé ọ̀gá òun ló tẹ ti ẹ̀gbẹ́ kìíní. Mo ní kó fi ẹ̀gbẹ́ kejì ṣáájú nígbà náà. Ó ní kò yẹ kí òun gbé ara òun ṣáájú ọ̀gá òun. Ìwà ọmọlúàbí nìyẹn, òun náà ló sì kó bá a.

Lẹ́yìn ìrun Alásárì ni wọ́n gbé gíramafóònù sí àárín ìsọ̀. Bàbá ní kí iṣẹ́ má dúró, kí kálukú máa hun aṣọ rẹ̀ bó ti ń gbọ́. Tíṣà tó háyà yàrá lọ́dọ̀ wa náà jókòó, àti ọkùnrin kan tó ti Ṣakí wá kó aṣọ. Orin bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ ni gbogbo rẹ̀, ó ń dún kì-kì-kì láìsinmi, kò sí ẹni tó lanu kọrin. Rẹ́kọ́ọ̀dù tí àwa mọ̀ nígbà náà ni èyí tí akọrin á ti máa kì èèyàn, á kì baálé, á kì oníṣòwò, á dárúkọ bàbá wọn. Ẹni tí wọ́n kì nínú rẹ̀ la fi ń mọ̀ bóyá ó dára. Nítorí náà, gbogbo wọn rò pé orin kò tíì bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń retí akọrin. Wọ́n retí títí.

Àgbà ahunṣọ tó jókòó sítòsí Bàbá béèrè pé, "Ṣé akọrin náà ò tíì dé ni?"

Ìgbà tí ẹ̀gbẹ́ kìíní parí tí wọn kò kì ẹnikẹ́ni, Bàbá fúnra rẹ̀ gbé abẹ́rẹ́ kúrò, ó ní kí wọ́n sọ èrò wọn. Ará Ṣakí ní ó dún bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ní Ìgànná, pé ti Ìgànná tilẹ̀ sàn, torí gàrí ń jáde níbẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Tíṣà gbóhùn sókè bí ẹni wà ní kíláàsì, ó ní orin tí kò ní ọ̀rọ̀ kò lè ní ẹ̀kọ́. Àgbà ahunṣọ ní, "Orin tí ò kí èèyàn, ta ló fẹ́ kí i káàbọ̀?" Àgbàlagbà yìí! Ojú mi ló ṣe. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń bá orin náà lọ lórí ìtẹsẹ̀ òfì látìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kọ̀ tí òwú wà nínú rẹ̀ ń fò lọ́wọ́ rẹ̀, aṣọ tó hun ní ìrọ̀lẹ́ yẹn ju ti ọjọ́ mìíràn lọ. Ó tún ní ẹnu láti bú u.

Mo ń wo ẹ̀gbọ́n mi, mo ń retí kó sọ pé ó ku ẹ̀gbẹ́ kan. Kò sọ ọ́. Ọmọ tí a kọ́ kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ àgbà lẹ́nu, ilẹ̀ ló ń wò. Bàbá ní, "O ti gbọ́. Lọ sídìí òfì rẹ." Ó sì lọ. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tí kò mọ̀ pé àwo ní ẹ̀gbẹ́ méjì! Àwọn yìí kan náà ló máa ń kọ́ wa pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ọjọ́ tí òwe náà kàn wọ́n, wọ́n gbàgbé ẹni tó ni ín. Èmi tí mo mọ̀, wọn kò bi mí, torí aká-òwú kì í dá sọ́rọ̀ àwọn ahunṣọ.

Kò pẹ́, ìyàwó kékeré Bàbá rẹ àwo náà sínú omi gbígbóná, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ìkòkò, ó di abọ́, bí wọ́n ti máa ń ṣe àwo tó bá ti ha tí kò ṣe é gbọ́ mọ́. Èmi ló fún, pé kí n máa kó òwú sí i. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé, Ìyá." Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ẹ̀gbọ́n mi ti darúgbó nídìí òfì báyìí. Aṣọ rẹ̀ dára, n kò jiyàn. Àwọn èèyàn a máa sọ fún mi pé ojú Bàbá ríran, inú mi á tún ru. Ta ló mọ bí dùùrù rẹ̀ ti rí? Èmi náà kò mọ̀. Ó lè jẹ́ pé kò tilẹ̀ dára rárá. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn, a kò gbọ́ ọ. Ká ní wọ́n bi mí léèrè lọ́jọ́ náà ni, ọ̀rọ̀ mi kì bá tí gùn: ẹ yí i padà.