Bọ̀ọ̀dá Tó Ń Ṣe Kòkòrò Arínúróde

Mò ń sá aṣọ ọmọ sórí okùn nígbà tí ìyá onílé wa wá sọ fún mi pé bọ̀ọ̀dá yàrá kejì ti kú sí ọsibítù. Àìsàn tó ṣe é ò pẹ́ lára ẹ̀ rárá.

Lọ́sàn-án Sátidé, ó máa ń kó àwọn ọmọ ilé wa ní Ẹgbẹ́dá jọ sí kọ́rídọ̀, kí wọ́n ṣe eré kan tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ dá, tí wọ́n ń fi dáìsì lúdò ta. Ọdẹ làwọn ọmọ. Òun ni kòkòrò kan tó rí bíi tata, tó ga tó ilẹ̀kùn, tó sì ń gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn èèyàn. Á ká apá ẹ̀ gígùn méjèèjì mọ́ àyà, á tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, á máa ránmú sọ̀rọ̀: "Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ sá. Mo ti gbọ́."

Arínúróde ló pe kòkòrò náà. Inú bí ìyá onílé.

"Orúkọ Ọlọ́run lo wá fún aáyán?"

"Ẹ má bínú, mà. Tata ni, kì í ṣe aáyán."

Bọ̀ọ̀dá ṣáà gé orúkọ náà kù sí Arínú.

Nídìí okùn aṣọ yẹn, ìyá onílé ní kí n sọ fọ́mọ mi pé bọ̀ọ̀dá rìnrìn àjò ni. Mi ò lè ṣèyẹn, torí inú ihò tí Arínú ń gbé leré wọn dúró sí ní Sátidé tó kọjá, ọmọ náà á sì máa retí ẹ̀ ní gbogbo Sátidé.

"Bọ̀ọ̀dá ti kú," mo sọ fún un.

"Ṣé Arínú ló pa wọ́n ni?"

"Rárá o, àìsàn ni. Wọn ò ní padà wá mọ́. Sunkún tó o bá fẹ́ sun ún. Tó bá di Sátidé, èmi ni màá ṣe Arínú. Mi ò lè ṣe é bíi tiwọn, wàá kọ́ mi ni."